Ìbọn tẹmómítà kọ́ ló yẹ ká bẹ̀rù, ẹ̀rọ kékeré orí ìka ló yẹ ká mọ̀ dáadáa

Láti ìgbà tí Kòrónà ti dé, ẹ̀rọ méjì kan ti di ojúlùmọ̀ gbogbo wa. Ọ̀kan ni èyí tó dà bí ìbọn, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìwé. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tó rí bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ lórí okùn. Nọ́ọ̀sì máa ń fi í há wa níka lọ́sibítù, nọ́ńbà á sì máa tàn lójú ẹ̀: 98, 97, 99. Ọ́ksímítà ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kan náà ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́. Infrared lorúkọ ẹ̀. Ojú wa ò rí i, àmọ́ ó wà níbi gbogbo. Kódà, ó ń jáde lára ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé èyí tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan la ń bẹ̀rù. Ní 2020, fídíò àti ohùn orí WhatsApp kún ìgboro pé ìbọn yẹn ń ba ọpọlọ jẹ́. Títí dòní, mo ṣì ń rí àwọn tó máa ń na apá dípò orí tí wọ́n bá ti gbé e jáde. Ẹ̀rọ orí ìka ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Nọ́ńbà tó bá ti gbé jáde, abẹ gé e nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwádìí ti fi hàn pé òun gan-an ló lè ṣì wá lọ́nà, pàápàá àwa tí àwọ̀ wa dúdú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mi ò ní da gírámà bò yín.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Herschel. Ọmọ Jámánì ni, ìlú Hannover ni wọ́n ti bí i ní 1738, àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe ibùgbé. Iṣẹ́ orin ló kọ́kọ́ fi ń jẹun, òun ló ń tẹ dùùrù fún ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú Bath. Tílẹ̀ bá ti wá ṣú, ojú ọ̀run ló máa ń wò. Òun ló rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ní 1800, Herschel ń wá gíláàsì aláwọ̀ tó máa fi sẹ́nu ẹ̀rọ awò-ìràwọ̀ ẹ̀, kó lè máa wo oòrùn láì ba ojú jẹ́. Ó wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tó bá lo àwọn gíláàsì kan, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kéré, síbẹ̀ ooru pọ̀. Tó bá lo òmíràn, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ooru ò tó nǹkan. Ó bi ara ẹ̀ pé: àbí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tiẹ̀ ni?

Ó jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, irú èyí tó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè. Ó wá ń gbé tẹmómítà sínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ àlùkò gbóná díẹ̀. Àwọ̀ ewé gbóná jù ú lọ. Pupa tún gbóná ju ewé lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé tẹmómítà kọjá pupa, síbi tí kò sí àwọ̀ kankan tí ojú lè rí. Ibẹ̀ ló wá gbóná jù!

Ìyẹn ni pé oòrùn ń rán nǹkan kan sí wa tí ara mọ̀, tí ojú ò mọ̀. Ẹ̀yìn Herschel ni wọ́n tó sọ ọ́ ní infrared, tó túmọ̀ sí ohun tó wà nísàlẹ̀ pupa.

Ẹ fi wé ìlù. Omele ń dún lókè, ìyá ìlù ń dún nísàlẹ̀, etí wa ń gbọ́ méjèèjì. Àmọ́ tí ohùn kan bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, etí èèyàn ò ní gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ àwọ̀ tó máa jẹ́. Èyí tí ojú wa lè rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 400 nánómítà dé 700. Tí a bá gé mítà kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánómítà. Láti 700 lọ sókè, títí dé mílímítà kan gbáko, ìpínlẹ̀ infrared la wà yẹn.

Ẹ lè dán an wò nílé báyìí. Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan kámẹ́rà iwájú fóònù yín, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ fi ń ya sẹ́lífì. Ẹ kọjú ẹnu rìmóòtù sí i, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnnì. Lójú lásán, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Nínú fóònù, ẹ máa rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú. Infrared nìyẹn, òun ni rìmóòtù fi ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀. Mo ti fi han àwọn ọmọdé àdúgbò wa rí, ariwo tí wọ́n pa ò kéré. (Kámẹ́rà ẹ̀yìn lè má fi hàn o, torí ọ̀pọ̀ wọn ní ohun tó ń dí infrared.)

Ìbọn tí kò yìn

Gbogbo ohun tó bá ní ooru lára ló ń tú infrared jáde: ògiri tí oòrùn ti pa, ìkòkò ọbẹ̀, ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà, èmi, ẹ̀yin. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń tú jáde ń pọ̀ sí i. Ara èèyàn tó wà ní nǹkan bíi 37°C ń tú tiẹ̀ jáde, èyí tó lágbára jù níbẹ̀ sì wà láàárín 9,000 sí 10,000 nánómítà. Ìyẹn jìnnà gan-an sí ibi tí ojú wa lè dé.

Ohun tí ìbọn tẹmómítà ń ṣe ò ju kó gba infrared tó ń bọ̀ látara yín. Lẹ́nu ẹ̀, ohun kékeré kan wà tó máa ń sọ ooru di iná mànàmáná díẹ̀. Ẹ̀rọ á ṣírò iye iná ọ̀hún, á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Kò rán nǹkan kan sínú orí ẹnikẹ́ni.

Ẹ ronú ẹni tó jókòó níwájú ààrò. Kò fọwọ́ kan iná, àmọ́ ooru ń kàn án lójú, ó sì lè sọ bóyá iná ọ̀hún ń jó dáadáa tàbí ó ti fẹ́ kú. Ìbọn yẹn ni ẹni tó jókòó. Ẹ̀yin ni ààrò. Ṣé ẹni tó jókòó síwájú ààrò lè ba ààrò jẹ́? Àwọn kan lára ìbọn yìí ní iná pupa kékeré tó ń tọ́ka síbi tí wọ́n kọjú ẹ̀ sí. Kó má kàn bọ́ sínú ojú, ó parí, torí iná atọ́nà lásán ni, kì í ṣe òun ló ń wọn ìgbóná ara.

Nílẹ̀ wa níbí, ọdún 2014 ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ rí i. Lóṣù Keje ọdún yẹn, Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia. Kó tó pẹ́, ìbọn tẹmómítà ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú, ní ọ́fíìsì àti nílé ìwé. Ní 20 oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà lórílẹ̀-èdè yìí ní 27 oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n tún gbọn eruku lára ìbọn.

Kì í ṣe pé ìbọn yẹn ò ní àléébù o. Ojú awọ ló ń wọ̀n, kì í ṣe inú ara. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn bọ́ lè gbóná lójú ìbọn, ẹni tó ti inú éésì bọ́ lè tutù, òógùn náà sì lè yí nọ́ńbà padà. Ní ti àwọ̀, awọ ara èèyàn, ì báà dúdú ì báà pọ́n, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń tú irú infrared yìí jáde lọ́nà kan náà. Síbẹ̀, ní 2022, ìwádìí kan láti yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA. Ó fi hàn pé tẹmómítà infrared tí wọ́n ń gbà kọjá níwájú orí ń fo ibà àwọn aláìsàn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú lọ́sibítù ju tẹmómítà abẹ́ ahọ́n lọ. Torí náà, tí ara ọmọ yín bá ń jó bí iná, tí ìbọn wá ń sọ pé 36, ẹ gbàgbé ìbọn. Ẹ wá tẹmómítà abẹ́ ahọ́n tàbí ti abíyá.

Àléébù nìyẹn o, kì í ṣe ewu. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀rọ ṣi nǹkan wọ̀n, ọ̀tọ̀ ni kó ba ọpọlọ jẹ́.

Iná méjì lórí ìka kan

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí èyí tó ká mi lára jù.

Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni ohun kan wà tó ń jẹ́ hemoglobin. Iṣẹ́ alábàárù ló ń ṣe: á gbé ọ́síjìn ní ẹ̀dọ̀fóró, á já a fún gbogbo ara. Hemoglobin tó ru ẹrù máa ń pupa yòò. Èyí tí kò ru nǹkan máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ́ksímítà fẹ́ mọ nǹkan kan ṣoṣo: nínú alábàárù 100, mélòó ló ru ẹrù? Tó bá ní 97, ohun tó ń sọ ni pé 97 ló ru ọ́síjìn. Fún ẹni tára ẹ̀ le, 95 sí 100 ni nọ́ńbà yẹn sábà máa ń jẹ́.

Báwo ló ṣe mọ̀ láì gún yín lábẹ́rẹ́? Iná méjì ló ń tàn sínú ìka. Ọ̀kan pupa, nǹkan bíi 660 nánómítà. Èkejì infrared, nǹkan bíi 940. Hemoglobin tó ru ọ́síjìn máa ń jẹ́ kí pupa kọjá, á wá gbé infrared mì. Èyí tí kò ru ọ́síjìn ń ṣe òdìkejì: pupa ló ń gbé mì, á jẹ́ kí infrared lọ. Lódìkejì ìka, ohun kan ń ka iye iná kọ̀ọ̀kan tó jáde. Tí ẹ̀rọ bá fi èyí wé ìyẹn, ó ti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó.

Àmọ́ ìka kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Egungun wà níbẹ̀, awọ wà, ẹran wà. Báwo ló ṣe ń ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀? Ẹni tó tú àdììtú yẹn ni Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan tó ń bá iléeṣẹ́ Nihon Kohden ṣiṣẹ́. Nǹkan mìíràn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n nínú ara, àmọ́ lílù ọkàn ń da iṣẹ́ ẹ̀ rú, torí gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ń ya wọlé, tí nọ́ńbà á sì máa fò sókè sódò. Dípò kó máa bá a jà, ó rí i pé lílù ọ̀hún gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Egungun kì í lù, awọ kì í lù, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan nìkan ló ń lù. Tí ẹ̀rọ bá ti gbájú mọ́ ohun tó ń yí padà pẹ̀lú lílù ọkàn, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń wò. Ní 1974 ló gbé èrò yìí jáde. Aoyagi kú lóṣù Kẹrin ọdún 2020, àsìkò tí gbogbo ayé ń du ẹ̀rọ tó bá wọn ronú kàn.

Ibi tí wàhálà wà

Nínú ìwé, àwọ̀ ara ò yẹ kó ní nǹkan kan án ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí awọ kì í lù. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ibùsùn aláìsàn, ọ̀tọ̀tọ̀ ni.

Melanin ló ń jẹ́ kí awọ dúdú. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ìyẹn ló fi ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Kì í wá gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì bákan náà, pupa ló ń mú jù, infrared ló ń mú díẹ̀. Ẹ̀rọ tó sì jẹ́ pé ìfiwéra láàárín pupa àti infrared ló gbójú lé, ẹ̀yin náà ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ lè wọ́ sí.

Ìyẹn nìkan kọ́. Kí ọ́ksímítà tó lè sọ iná tó kà di nọ́ńbà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kó àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn jọ, wọ́n á máa dín ọ́síjìn tí wọ́n ń mí sínú kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa fa ẹ̀jẹ̀ wọn láti fi wé ohun tí ẹ̀rọ ń rí. Tí àwọn tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ bá jẹ́ aláwọ̀ funfun jù, awọ funfun ni ẹ̀rọ máa mọ̀. Ìlànà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2013 sọ pé kí wọ́n lo èèyàn 10 ó kéré tán, kí méjì péré tàbí ìdá 15 nínú 100 wọn jẹ́ ẹni tí àwọ̀ ẹ̀ dúdú dáadáa. Èèyàn méjì! Méjì ló ń ṣojú fún gbogbo wa láti Èkó dé Salvador.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ o. Láti 1990 ni ìwádìí kan ti jáde nínú ìwé ìròyìn *Chest* pé ẹ̀rọ yìí ń ṣàṣìṣe lára àwọn aláìsàn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì California ní San Francisco tún sọ ọ́ pé tí ọ́síjìn bá ti ń lọ sílẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń gbé jáde fún ẹni tó dúdú máa ń ga ju òótọ́ lọ. Ìwé wà nílẹ̀, wọ́n kàn gbé e tì ni.

Kòrónà ló wá tú gbogbo ẹ̀ síta. Lóṣù Kejìlá ọdún 2020, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Michigan gbé ìwádìí kan jáde nínú *New England Journal of Medicine*. Wọ́n wo àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, ìyẹn àwọn tí èèyàn á wò pé kò tíì sí wàhálà ńlá. Wọ́n wá wo ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an sọ. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6% ni ọ́síjìn wọn ti lọ sílẹ̀ ju 88 lọ láì jẹ́ pé ẹ̀rọ mọ̀. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú, 11.7% ni. Ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ má jẹ́ ká ka nọ́ńbà yẹn fò. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kan sùn sórí ibùsùn, ẹ̀mí ẹ̀ ń lọ, ẹ̀rọ ń sọ pé kò séwu. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lásìkò tí ọ́síjìn àti bẹ́ẹ̀dì ò tó, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa rí ìtọ́jú gbà àti ẹni tó máa padà sílé. Ìwádìí kan láti Johns Hopkins tó jáde ní 2022 tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àṣìṣe yìí mú kó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé àwọn aláìsàn Kòrónà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ẹni tó yẹ kó gba ìtọ́jú, àwọn kan ò tiẹ̀ rí i rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS fún àwọn aláìsàn Kòrónà ní ọ́ksímítà láti máa fi yẹ ara wọn wò nílé. Ìjọba ibẹ̀ wá ní kí Margaret Whitehead, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Liverpool, ṣáájú ìgbìmọ̀ tó máa wádìí bóyá ẹ̀rọ ìṣègùn ń ṣojúsàájú. Ìròyìn wọn jáde lóṣù Kẹta ọdún 2024, ọ́ksímítà sì wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí gbangba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, FDA náà gbé àbá ìlànà tuntun jáde: kí iye àwọn tí wọ́n máa fi dán ẹ̀rọ wò tó 150 ó kéré tán, kí àwọ̀ wọn sì pé oríṣiríṣi. Láti 10 sí 150, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Àmọ́ àbá ni, kò sì sọ ọ́ pé kí àwọn ẹ̀rọ tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀ pòórá.

Ṣé ká wá sọ ọ́ nù ni?

Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mò ń lọ kọ́ nìyẹn.

Ojú lásán burú ju ẹ̀rọ yìí lọ. Tí ọ́síjìn bá ń tán lára ẹni tó pọ́n, ètè àti ojú ẹ̀ lè yí sí búlúù kí gbogbo èèyàn rí i. Lára wa, kì í tètè hàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ọmọdé láti yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Australia fi gbé ọ́ksímítà àti ètò ọ́síjìn lọ sí ọsibítù 12 ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ síta ní 2019. Kí wọ́n tó dé, ọ̀pọ̀ ọmọ tí òtútù àyà ń dà láàmú ni ẹnikẹ́ni kì í wọn ọ́síjìn wọn. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wíwọ̀n ọ́síjìn sì di ara iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ̀rọ yìí ń gba ẹ̀mí là. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká mọ ibi tí ọgbọ́n ẹ̀ mọ.

Tí ẹ bá ní in nílé, tàbí tí ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń lò ó fún ẹni yín, àwọn nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyí:

Ẹ wo èèyàn kẹ́ ẹ tó wo nọ́ńbà. Tó bá ń mí gúlegúle, tí àyà ẹ̀ ń wọnú, tí kò lè sọ̀rọ̀ tán láì dúró mí, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti ń dàrú, ọsibítù ló kàn, kódà kí ẹ̀rọ máa sọ pé 96. Ẹ wo ètè, ahọ́n àti abẹ́ èékánná, ibẹ̀ ni ìyípadà àwọ̀ ti máa ń hàn jù lára ẹni tó dúdú.

Ẹ máa wo bó ṣe ń rìn, kì í ṣe ẹyọ nọ́ńbà kan. FDA fúnra wọn ṣàlàyé pé tí ẹ̀rọ bá sọ pé 90, ti inú ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ohunkóhun láàárín 86 sí 94. Tí ti ẹni yín bá jẹ́ 98 láàárọ̀, tó di 95 lọ́sàn-án, tó di 93 nírọ̀lẹ́, ìrìn yẹn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi han dókítà.

Ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò. Ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ má bínú. Kútẹ́ẹ̀sì dúdú tàbí búlúù, èékánná àlẹ̀mọ́ àti làálì dúdú lè dí iná lọ́nà. Ìka tó tutù náà lè ṣì í lọ́nà, torí ẹ̀jẹ̀ ò rìn dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó gbóná, kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ dúró kí nọ́ńbà fìdí múlẹ̀.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń tàn án jẹ pátápátá. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Tí èèyàn bá ti mí i sínú, ó máa lẹ̀ mọ́ hemoglobin, á gba ipò ọ́síjìn. Iná méjèèjì inú ọ́ksímítà ò lè fi bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀ yàtọ̀, torí náà ó lè máa sọ pé 99 fún ẹni tó ń kú lọ. Tẹ́ ẹ bá bá ẹnikẹ́ni tó dákú, tàbí tórí ń fọ́, tó ń bì, nínú yàrá tí èéfín jẹnẹrétọ̀ wọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e síta kó gba atẹ́gùn, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà kankan, awọ dúdú ni o, awọ funfun ni o.

Aago ọwọ́ kì í ṣe dókítà. Àwọn smartwatch tó ń wọn ọ́síjìn náà ń lo pupa àti infrared, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò ṣe é fún ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ lè fi ṣe fàájì, ẹ má fi pinnu ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ látinú iṣan tó ń lù lọ́rùn ọwọ́, tó máa sọ iye ọ́síjìn gan-an. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in. Àmọ́ níbi tó bá wà, tí ara aláìsàn àti nọ́ńbà ẹ̀rọ ò bá bára mu, kò sí ohun tó burú nínú kẹ́ ẹ bi dókítà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè ṣe àyẹ̀wò yẹn?"

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí ò gùn. Infrared ò mọ ẹni tó dúdú tàbí ẹni tó funfun, kò sì bínú ẹnikẹ́ni. Èèyàn ló pinnu ara ẹni tí wọ́n máa fi kọ́ ẹ̀rọ, èèyàn náà ló sì lè tún un kọ́. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò nílé ìwòsàn wa, òkè òkun ló ti ń wá, ẹ̀tọ́ wa ni ká máa bi ẹni tó ń tà á pé: awọ ta lẹ fi dán èyí wò? Àwọn tó ń ra nǹkan fún ọsibítù ìjọba gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè.

Kí wọ́n tó béèrè, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí gúrúpù WhatsApp tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fídíò ìbọn yẹn hàn yín. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀rọ orí ìka ni kí wọ́n máa fojú sí.